Ìkarahun tó gùn jù: ìdáhùn sí ìbéèrè yín lórí gígé ẹnu kátíríìjì ráífù

Ohun kan ṣoṣo ni èyí tó pọ̀ jù nínú lẹ́tà yín lóṣù yìí ń bèèrè: ìkarahun kátíríìjì tí a ti yìn, tí a fẹ́ tún kì, báwo ló ṣe yẹ kó gùn tó? Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà náà ti wá, lọ́dọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń ṣọdẹ àgbọ̀nrín tàbí tó ń yìnbọn sí àmì, tí wọ́n sì ń fọwọ́ ara wọn kì kátíríìjì. Òmíràn wá láti ìlú Ọba, ọ̀kan sì wá láti ilé.

Kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú, bí a ṣe ń pè é nìyí. Ìkarahun ni idẹ náà. Ìdí rẹ̀ ni práímà, ohun kékeré tó ń ṣáná sí ẹ̀tù, ń jókòó sí. Èjìká rẹ̀ ni ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín. Ọrùn rẹ̀ ló di ọta mú. Ẹnu rẹ̀ ló gbẹ̀yìn. Ọta ni èyí tó ń fò lọ. Ṣéńbà ni inú ìbọn níbi tí kátíríìjì ń wọ̀ sí. Bóòtù ni irin tó ń ti kátíríìjì wọ ṣéńbà, tó sì ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ pa. Kálípà ni irinṣẹ́ tí a fi ń wọn gígùn. Tírímà ni irinṣẹ́ tí a fi ń gé ẹnu ìkarahun.

Ìbéèrè (Houston, Texas): Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra 100 ìkarahun .308 Winchester tí wọ́n ti yìn lẹ́ẹ̀kan. Bí mo ṣe tú àpò rẹ̀, mo fi kálípà wọn mẹ́wàá: gbogbo wọn wà láàrin ínǹṣì 2.004 sí 2.010. Ìwé àtúnkì ní kó má kọjá 2.015. Ṣé kí n máa kì wọ́n lọ?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ ò tíì wọ̀n wọ́n. Ìkarahun tó ṣì wú lẹ wọ̀n.

Nígbà tí kátíríìjì bá yìn, idẹ á wú títí á fi lẹ̀ mọ́ ara ṣéńbà. Ẹ̀yin á wá ti ìkarahun yìí sínú dáì tó ń tẹ̀ ẹ́ padà sí ìwọ̀n. Dáì á fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ yíká, idẹ ò sì níbòmíì tó lè sá gbà ju òkè lọ, níbi ọrùn. Bí ẹ bá tún ń fà á jáde, kókó roboto tó wà lára ọ̀pá inú dáì á gba inú ọrùn kọjá, á sì fà á sókè díẹ̀ sí i. Ìkarahun tó jẹ́ 2.010 kó tó wọ dáì lè jáde ní 2.016. Ẹ rí i pé ó ti kọjá ààlà, bẹ́ẹ̀ ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó dára.

Bí iṣẹ́ náà ṣe tò nìyí. Ẹ kọ́kọ́ fọ ìkarahun, torí iyanrìn á họ dáì. Ẹ fi òróró dáì pa á lára fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, kí ẹ kan inú ọrùn náà díẹ̀. Ọrùn tó gbẹ ni kókó inú dáì máa ń fà jù. Ẹ tẹ̀ ẹ́ padà sí ìwọ̀n, kí práímà tó ti jó jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ nu òróró kúrò. Ìgbà yìí gan-an ni kálípà ń wọlé.

Kálípà pàápàá ní bí a ṣe ń lò ó. Ẹ ti ẹnu rẹ̀ pa, ẹ fi ìka nu ojú méjèèjì, kí ẹ rí i pé 0.000 ló ń fi hàn. Ẹ gbé ìkarahun sáàárín, ìdí lápá kan, ẹnu lápá kejì, ẹ rọra tì í pa, kí ẹ wá fi ìka méjì yí ìkarahun náà bí ẹni ń yí kẹ̀kẹ́ òwú. Bó bá ṣe ń yí, nọ́mbà á máa lọ sókè sódò. Èyí tó ga jù lẹ máa kọ sílẹ̀, torí apá tó gùn jù lára ẹnu náà ló máa kọ́kọ́ kan ìbọn.

Nọ́mbà méjì ló wà nínú ìwé, àwọn èèyàn sì máa ń dà wọ́n pọ̀. Fún .308, 2.015 (mílímítà 51.18) ni ààlà, kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. 2.005 (mílímítà 50.93) ni ibi tí a ń gé e dé. Èyí tó bá wà láàrin méjèèjì kò léwu, ẹ lè fi í sílẹ̀. Àmọ́ fún 100 tí ẹ ò mọ inú ìbọn tó ti jáde wá, ẹ kúkú gé gbogbo rẹ̀ sí 2.005. Ọwọ́ kan náà ni wọ́n á jọ bẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì mọ̀ lẹ́yìn ìyìn mẹ́ta bóyá ọ̀kan ń sáré dàgbà ju àwọn yòókù lọ.

Fún àwọn tó béèrè nípa oríṣi mìíràn, ẹ kọ èyí mọ́ ara ògiri: .223 Remington, ààlà 1.760, ẹ gé e sí 1.750. 6.5 Creedmoor, 1.920 àti 1.910. .243 Winchester, 2.045 àti 2.035. .30-06, 2.494 àti 2.484. .270 Winchester, 2.540 àti 2.530. Ẹ máa kíyè sí i pé 0.010 ló wà láàrin méjèèjì nínú gbogbo wọn.

Ìbéèrè (Atlanta, Georgia): Ọ̀gbẹ́ni kan ní ibi ìyìnbọn wa sọ pé òun kò gé ìkarahun rí, pé bí bóòtù bá ti lè pa, kò sí wàhálà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yẹn. Òun ló léwu jù nínú gbogbo ohun tí a gbọ́ lóṣù yìí.

Níwájú ibi tí ẹnu ìkarahun ń parí sí nínú ṣéńbà, ihò náà ń há díẹ̀díẹ̀ kó tó di ihò ọ̀pá ìbọn gan-an. Wọ́n fi àyè tóóró kan sílẹ̀ kí ẹnu ìkarahun má baà kan ibi tó há yẹn. Ìkarahun tó bá gùn ju àyè náà lọ á wọ inú ibi híhá, ibẹ̀ á sì fún ẹnu rẹ̀ mọ́ ọta lára pinpin. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí práímà ta. Ọrùn ló yẹ kó kọ́kọ́ fẹ̀ kó lè jọ̀wọ́ ọta. Kò ráyè fẹ̀. Ẹ̀tù ń jó, afẹ́fẹ́ gbígbóná ń pọ̀ sí i, ọta kò tíì kúrò lójú kan. Ìwọ̀n ẹ̀tù tí ìwé pè ní èyí tó dára ti wá di èyí tó pọ̀ jù, láìjẹ́ pé ẹ fi ẹyọ hóró kan kún un. Ohun tó kéré jù tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni kí bóòtù má ṣe é ṣí. Èyí tó burú ni kí práímà fọ́, kí afẹ́fẹ́ gbígbóná gba ẹ̀yìn bóòtù wá sójú ẹni tó yìn ín, tàbí kí ìbọn fúnra rẹ̀ fọ́.

Pé bóòtù pa kò jẹ́ ẹ̀rí kankan. Bí a ṣe ń fi jáàkì gbé mọ́tò láìlàágùn ni bóòtù ráífù ṣe ń ti kátíríìjì wọlé: bí ẹ bá ń tẹ ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀, á fún idẹ wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀, ẹ ò sì ní fura ju pé ó le díẹ̀ ní ìparí.

Àyẹ̀wò kan wà tí kò náni lówó. Ẹ mú ìkarahun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn jáde nínú ìbọn yín, tí ẹ ò tíì tẹ̀ padà, kí ẹ mú ọta tuntun, kí ẹ jù ú sí ẹnu rẹ̀. Ó yẹ kó jábọ́ wọlé wọ̀ọ̀. Bó bá há, tí ẹ ní láti tì í, ọrùn náà kò ráyè fẹ̀ tó nígbà tó yìn. Ó lè jẹ́ pé ó gùn jù, ó sì lè jẹ́ pé idẹ ọrùn náà ti nípọn jù. Bó wù kó jẹ́, ẹ dá iṣẹ́ dúró kí ẹ wá ìdí rẹ̀.

Ẹni tó bá sì ti kì ìkarahun gígùn tán kó tó rántí, kó má ṣe yìn ín o. Kó má sì gbé kátíríìjì tó ní ẹ̀tù àti práímà nínú sórí tírímà láéláé. Òòlù tí wọ́n ṣe fún yíyọ ọta ni kó lò, kó da ẹ̀tù jáde, kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè (Baltimore, Maryland): Ti ìbọn ìléwọ́ 9mm ńkọ́? Ṣé a ń gé òun náà?

Ìdáhùn: Kò pọn dandan. Ìkarahun kúkurú tó lọ gbọọrọ bẹ́ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dàgbà, ẹnu rẹ̀ ló sì fi ń dúró nínú ṣéńbà. Bí ẹ bá gé e jù, kò ní rí nǹkan dúró lé.

Ìbéèrè (Dallas, Texas): Owó mi kò tó ra ẹ̀rọ ńlá. Tírímà kékeré tí ilé iṣẹ́ Lee ń ṣe yẹn, ṣé ó dára àbí kí n dúró kí n tọ́jú owó?

Ìdáhùn: Ó dára púpọ̀ fún ẹni tó ń kì 50 tàbí 100 lẹ́ẹ̀kan. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rọrùn: ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níwájú abẹ rẹ̀. Ọ̀pá yìí á gba inú ìkarahun lọ, á gba ihò iná tó wà láàrin ìdí kọjá, á sì kan irin tó di ìdí náà mú. Bó bá ti kàn án, abẹ kò lè lọ síwájú mọ́, bó ti wù kí ẹ yí i tó. Kò sí nǹkan tí ẹ máa tún ṣe lára rẹ̀, kò sì sí èyí tí ẹ lè ṣì. Oríṣi kátíríìjì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀pá tirẹ̀, ọ̀pá .223 kò lè ṣe .308. Ẹ lè fi ẹnu dírílì di irin ìdìmú náà kó máa yí ìkarahun fún yín, kí ọwọ́ má baà ro yín. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ jẹ́ kó máa yí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ abẹ á máa fo lórí idẹ, ẹnu á sì rí gbágungbàgun.

Àléébù rẹ̀ ni pé práímà gbọ́dọ̀ ti jáde, ihò iná sì gbọ́dọ̀ wà láàrin gbùngbùn. Àwọn ìkarahun kan wà, pàápàá ọ̀pọ̀ ti ológun láti ilẹ̀ Yúróòpù, tí ihò iná wọn jẹ́ méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Berdan ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọ̀pá náà kò lè gbà á kọjá, abẹ́rẹ́ inú dáì yín tó ń ti práímà jáde pàápàá á ṣẹ́. Ẹ tan iná sí inú ìkarahun kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rọ ńlá, èyí tó dà bí ti àwọn tó ń gbẹ́ irin, ń di ìdí ìkarahun mú, atọ́nà kan á wọ inú ọrùn, abẹ á wá máa gé bí ẹ ṣe ń yí ọwọ́ rẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹ lè gbé e sí gígùn yòówù tó wù yín, atọ́nà .30 kan ṣoṣo sì ń ṣe .308, .30-06 àti .30-30. Ẹ má ṣe gbé e sí ìwọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi ìkarahun kan rúbọ: ẹ gbé abẹ jìnnà, ẹ gé, ẹ wọ̀n, ẹ sún un wọlé díẹ̀, títí tó fi kan 2.005, kí ẹ wá dè é pa. Bí ẹ bá ti gé e kúrú jù, kò sí bí ẹ ṣe máa lẹ̀ ẹ́ padà.

Ìbéèrè (London): Ojú kan náà ni mo de tírímà mi mọ́, síbẹ̀ mo ń rí 2.003, mo ń rí 2.009. Kí ló ń ṣe é? Ẹ̀kejì, kí ni òfin ibí sọ nípa kátíríìjì tí mo bá fọwọ́ kì?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wo ìdí ìkarahun. Èérún idẹ tó bọ́ láti ara èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ló sábà máa ń bọ́ sábẹ́ ìdí èyí tó tẹ̀ lé e. Ó kéré ju hóró iyọ̀ lọ, àmọ́ ó tó láti gbé ìkarahun sókè ní 0.003, ìkarahun náà á sì jáde ní kúkurú. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ kan ló ń ṣe é: ẹ gbá ibẹ̀ lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ wo etí ìdí. Ìbọn tó ń fi ara rẹ̀ ju ìkarahun síta máa ń ha etí ìdí náà, tí ṣóńṣó á yọ lára rẹ̀, ìkarahun ò sì ní dúró ṣánṣán mọ́. Ayùn pẹlẹbẹ (fáìlì) lẹ máa fi rọra fá ṣóńṣó yẹn kúrò.

Ọwọ́ yín náà ńkọ́? Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ gan-an fún ìkíní, tó wá ń rọra yí ìkejì nítorí pé ó ti rẹ̀ ẹ́, gígùn méjì ló máa rí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ déédéé, kí ẹ sì máa yí i títí ẹ ò fi ní gbọ́ ìró gígé mọ́, kí ẹ fi ẹ̀ẹ̀méjì kún un.

Bí tírímà yín bá jẹ́ irú èyí tó ń fi èjìká ìkarahun wọn gígùn, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Bí dáì bá tẹ èjìká kan sílẹ̀ ju èkejì lọ, gígùn wọn kò lè dọ́gba, tírímà kò sì jẹ̀bi. Òróró tó kù lára èjìká àti ẹ̀gbin tó lẹ̀ mọ́ inú ihò tírímà náà á ṣe irú rẹ̀.

Ní ti ìbéèrè kejì yín nípa òfin: ìwé àṣẹ ìbọn yín ní ìlú Ọba ló ń sọ oríṣi kátíríìjì àti iye tí ẹ lè ní. Èyí tí ẹ fọwọ́ kì wà nínú iye náà.

Ìbéèrè (Chicago, Illinois): Ọta mi ń yọ fọ́nrán bàbà bí mo ṣe ń tì í sẹ́nu ìkarahun tí mo gé.

Ìdáhùn: Ẹ ò fá etí rẹ̀ tán. Abẹ tírímà máa ń fi ìrù idẹ sílẹ̀ nínú àti lóde. Ẹ fi ìka àtọ́ka yín kàn án: á mú yín lọ́wọ́ bí etí agolo. Irinṣẹ́ ìfátí ní ojú méjì. Èyí tó ṣe ṣónṣó ni ti inú. Ẹ yí i ní ẹ̀ẹ̀méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ rí ojú dídán tóóró yíká. Èyí tó jẹ́ ihò ni ti òde. Ìyípo kan tó. Ẹ má jẹ́ kó mú bí abẹ. Idẹ ọrùn .308 kò nípọn ju bí ínǹṣì 0.015 lọ, bí ẹ bá sì fá inú, fá òde títí wọ́n fi pàdé, ẹnu náà á tètè ya. Bí ẹ bá fẹ́ fi etí ìkarahun há ọta mọ́lẹ̀, kò ní rí nǹkan fi há a.

Èyí kan ẹni tó béèrè nípa .30-30 pẹ̀lú. Ìbọn yẹn ń to kátíríìjì sínú páìpù, ọ̀kan ń ti èkejì, nítorí náà a gbọ́dọ̀ há ẹnu ìkarahun mọ́ kòtò tóóró tí wọ́n fín yí ara ọta ká. Gígùn tó dọ́gba kì í ṣe fàájì níbẹ̀. Èyí tó gùn ju àwọn yòókù lọ á kan ibi ìhámọ́ inú dáì ṣáájú, dáì á tẹ̀ ẹ́ jù, èjìká rẹ̀ á sì wú síta bí ikùn, tí kò ní wọ ìbọn mọ́. Èyí tó kúrú kò ní há rárá, ọta á sì wọnú ìkarahun lọ nínú páìpù.

Ìbéèrè (Abẹ́òkúta): Ọdẹ ni mí. Ṣé mo lè máa ṣe èyí nílé?

Ìdáhùn: Ẹ má dán an wò o, bàbá. Firearms Act ti Nàìjíríà kò gba aráàlú láyè láti ṣe ọta tàbí kátíríìjì nílé. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ kò béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń kì fún ìlò ara rẹ̀, àmọ́ ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ máa tà á. Kátíríìjì ìbọn tó ń tú ọ̀pọ̀ hóró lẹ́ẹ̀kan (shotgun), tí ara rẹ̀ jẹ́ rọ́bà tàbí páálí, kò sí nínú irú èyí tí a ń sọ yìí.

Ìbéèrè (San Antonio, Texas): Gbogbo ìgbà tí mo bá yìn ín ni .308 mi ń kọjá ààlà, mo sì ń gé e ṣáá. Nísinsìnyí mo rí ìlà dídán kan yíká nítòsí ìdí méjì nínú wọn. Ṣé kí n tún gé wọn?

Ìdáhùn: Ẹ gbé tírímà sílẹ̀. Idẹ tí ẹ ń gé dànù lẹ́nu yẹn kì í hù bí irun. Ara ìkarahun náà ló ti ń wá, òkè ìdí ló sì ń tán sí jù. Bí èjìká bá ti jìnnà sí ogiri ṣéńbà, nígbà tí ẹ̀tù bá jó, iwájú ìkarahun á lẹ̀ mọ́ ṣéńbà, ìdí rẹ̀ á sì fà sẹ́yìn lọ bá bóòtù. Ibi tó wà láàrin méjèèjì ló ń nà. Dáì á tún ti èjìká padà, ẹ ó tún yìn ín, á tún nà. Ní ọjọ́ kan, ìdí á já kúrò lára ìkarahun nínú ìbọn.

Ẹ mú píìnì ìkówèépọ̀ kan, ẹ nà án gbọọrọ, ẹ tẹ ṣóńṣó rẹ̀ bíi mílímítà méjì kó ṣe bí ìwọ̀, kí ẹ fi ayùn pọ́n ọn kó mú. Ẹ tì í bọ inú ìkarahun títí dé ìsàlẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìwọ̀ náà fara ti ògiri, kí ẹ wá máa fà á bọ̀ wá sókè díẹ̀díẹ̀. Lára ìkarahun tó dáa, á yọ̀ gẹ̀rẹ̀ wá sókè. Lára èyí tó ti ń já, ní nǹkan bíi sẹ̀ntímítà kan sí ìdí, ìwọ̀ á kọ́, ẹ ó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé kòtò ló wọ̀. Ìlà dídán tí dáì nìkan fi sára òde kì í ní kòtò nínú, ìyẹn kò léwu. Bó bá ti kọ́, ó parí fún ìkarahun yẹn.

Fún àwọn tó kù, dáì yín ló fẹ́ àtúnṣe. Bóyá ẹ tẹ̀ lé ìlànà pé kó kan irin tó di ìdí ìkarahun mú lábẹ́ dáì, kí ẹ sì fi ìdá mẹ́rin ìyípo kan kún un. Fún ọ̀pọ̀ ìbọn, ìyẹn ń ti èjìká wálẹ̀ jù. Ẹ ra irin tí a ń dè mọ́ kálípà fún wíwọn èjìká. Ẹ wọn ìkarahun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn, kí ẹ máa sọ dáì kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí èjìká á fi padà sẹ́yìn ní 0.002 péré fún ìbọn olóbóòtù, 0.003 sí 0.004 fún èyí tó ń kì ara rẹ̀. Ìkarahun tó bá ń rìn ní ìwọ̀nba bẹ́ẹ̀ lè yìn lẹ́ẹ̀mélòó kan kó tó tún fẹ́ gígé. Ẹ kọ iye ìgbà tí ẹ ti gé wọn sára páálí tí wọ́n wà nínú rẹ̀. Bí ó bá ti pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin, píìnì yẹn ni kí ẹ máa fi yẹ gbogbo wọn wò.

Àwọn méjì tó ní ìlà náà, ẹ fi pílíyàs tẹ ẹnu wọn pa kí ẹ tó jù wọ́n sínú garawa idẹ tí ẹ ó tà fún ẹni tó ń ra idẹ àlòkù, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣà wọ́n níbẹ̀ tún kì.